Àwòrán Tí Mi Ò Kọ Nǹkan Sí Lábẹ́

Aago mẹ́sàn-án àárọ̀ Sátidé kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni mo gbé àwòrán náà síta lórí fóònù mi. Àwa méjì la wà ní ṣọ́ọ̀bù: èmi, àti obìnrin kan tó wá gbé àga rẹ̀ tí mo ti pààrọ̀ fóòmù inú rẹ̀. Òun ló bá mi tẹ ibi tó yẹ kí n tẹ̀, nítorí gọ́ọ̀mù kún ọwọ́ mi.

"Bàbá, ẹ ò ní kọ nǹkan kan sí i lábẹ́?"

"Ojú rẹ̀ ti tó."

"Ó dáa o. Ẹ̀yin lẹ ni fóònù yín." Ó rẹ́rìn-ín, ó sì tẹ̀ ẹ́ lọ.

Àwòrán ọ̀rẹ́ mi ni. Pásípọ́ọ̀tù ni, dúdú òun funfun, èyí tó yà nígbà tí àwa méjì fẹ́ ṣe ìdánwò àṣejáde. Ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun, ó de bọ́tìnnì rẹ̀ dé ọrùn, kò rẹ́rìn-ín. Inú àpótí ìránṣọ ìyàwó mi ni mo ti rí i níbi tí mo ti ń wá abẹ́rẹ́ ńlá. Bó ṣe dé ibẹ̀, n kò mọ̀. Inú mi dùn nígbà tí mo rí i, mo sì mọ̀ pé bí ọ̀rẹ́ mi bá rí i, yóò rẹ́rìn-ín. Ìdí tí mo fi gbé e síta nìyẹn. Kò sí òmíràn.

N kò tètè lọ sí ilé ìwé. Iṣẹ́ àga ni mo kọ́kọ́ kọ́. Mo ti lé ní ọmọ ọgbọ̀n ọdún kí n tó jókòó sí kíláàsì, ní ilé ẹ̀kọ́ alẹ́ tí wọ́n ń ṣe ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Ajah lẹ́yìn tí àwọn ọmọdé bá ti lọ tán. Bẹ́ǹṣì àwọn ọmọdé náà la ń jókòó lé. Orúnkún wa fẹ́rẹ̀ẹ́ máa kan àgbọ̀n wa. Ẹni tí wọ́n fi sí ẹ̀gbẹ́ mi ni ọ̀rẹ́ mi yìí. Púlọ́ńbà ni, ọmọ apẹja láti Eleko. Mùsùlùmí ni, Kìrìsìtẹ́nì ni mí. Lálẹ́ ọjọ́ àkọ́kọ́ ló pè mí ní Ọmọléèwé láti fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, èmi náà dá a padà fún un. Irun wa ti funfun báyìí, a ò tíì jáwọ́.

Nígbà tí ìyàwó mi wà láyé, òun ló ń bá mi tọ́jú ọ̀rẹ́. Òun ló ń rántí ẹni tó bímọ, ẹni tí ara rẹ̀ kò yá, ẹni tí a ò rí látọjọ́ yìí. Bó bá di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú, á ní, "Ẹ dìde, ẹ wọ bàtà," ó di ilé ọ̀rẹ́ mi. Èmi á jókòó, òun á sọ̀rọ̀. Bí a bá ń padà bọ̀, á ní a gbádùn ara wa, òótọ́ sì ni, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé n kò sọ ju gbólóhùn mẹ́ta lọ.

Lẹ́yìn tó kú, ọmọbìnrin mi ra fóònù ńlá fún mi. Ó fi mí sínú gúrúùpù àwa tí a jọ kàwé alẹ́, ó sì kọ́ mi bí mo ṣe lè gbé àwòrán síta kí gbogbo ẹni tó ní nọ́ńbà mi lè rí i títí di ọjọ́ kejì. "Bàbá, ẹ ò tiẹ̀ ní láti sọ̀rọ̀," ló sọ fún mi. Ìyẹn tẹ́ mi lọ́rùn.

Ó sì ṣiṣẹ́. N kò ní parọ́ mọ́ ọn. Ọ̀rẹ́ mi á gbé àwòrán páìpù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ tò tán síta, èmi á fi àtàǹpàkò ránṣẹ́ sí i. Èmi á gbé àga tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ parí síta, òun á fi ojú tó ń rẹ́rìn-ín ránṣẹ́. Bí mo bá ti rí tirẹ̀ láàárọ̀, mo mọ̀ pé ó jí ire. Ilé rẹ̀ kò ju ìrìn kẹ̀kẹ́ Márúwá kan lọ sí tèmi, ṣùgbọ́n ó ti ń lọ sí ọdún kan tí a ti jọ jókòó kẹ́yìn. Kò sí ìjà láàárín wa. Ojoojúmọ́ la ń kí ara wa. A kàn kì í fojú kan ara wa mọ́ ni.

Obìnrin náà gbé àga rẹ̀ lọ, mo sì pa ohùn fóònù mi. Ẹnu ni mo máa ń kó ìṣó kéékèèké sí bí mo bá ń kan aṣọ mọ́ àga. Ẹni tó kó ìṣó sẹ́nu kì í dáhùn ìpè. Àga mẹ́rin ló wà níwájú mi láàárọ̀ ọjọ́ náà, fún oníbàárà kan tó fẹ́ ṣe àlejò.

Oòrùn ti wà lókè gan-an kí n tó tu ìṣó jáde tí mo sì wo fóònù. Ìpè ti pọ̀ lórí rẹ̀. Bí mo ṣe ń wò ó ni Alága tún pè. Òun ló dàgbà jù nínú wa ní kíláàsì alẹ́, òun la sì fi ṣe olórí gúrúùpù.

"Ẹ kú ìrọ́jú o," ló sọ. Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀.

Àyájọ́ ọjọ́ tí ìyàwó mi kú ti ń sún mọ́. Mo rò pé ìyẹn ló rántí.

"A dúpẹ́, Alága."

"Ọ̀rọ̀ yìí dùn wá. Ṣùgbọ́n tiyín ló pọ̀ jù. Ẹ̀yin lẹ sún mọ́ ọn jù."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Àwa mẹ́ta la wà nínú mọ́tò báyìí. A ti ń bọ̀ lọ́nà. Aago mélòó ni wọ́n máa sin ín?"

Mo gbé òòlù sílẹ̀. "Sin ta?"

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe báyìí sí mi. Púlọ́ńbà wa ni. Ẹ̀yin náà lẹ gbé àwòrán rẹ̀ síta láàárọ̀."

"Kò kú."

"Ẹ ní kí ni?"

"Mo ní kò kú. Àwòrán lásán ni."

"Àwòrán lásán! Ẹ gbé àwòrán ọkùnrin tó de bọ́tìnnì dé ọrùn síta, ẹ ò kọ ẹ kú ọjọ́ ìbí, ẹ ò kọ ẹ kú oríire, ẹ ò kọ ohunkóhun! Kí lẹ fẹ́ ká rò? Àáfà kíláàsì wa mà ti ń wá ẹni tó máa gbẹ́ sàréè!"

N kò lè dá a lẹ́bi. Bó ṣe rí lóde òní nìyẹn. Bí ẹnì kan bá gbé àwòrán ọ̀rẹ́ rẹ̀ síta láìkọ ọ̀rọ̀ sí i, àwọn ènìyàn kì í béèrè mọ́. Àdúrà ni wọ́n ń kọ. Mùsùlùmí sì ni ọ̀rẹ́ mi, ọjọ́ tí Mùsùlùmí bá kú náà ni wọ́n ń sin ín, nítorí náà kò sí ẹni tó ní àsìkò láti wádìí. Wọ́n ti pè é, kò gbé e. Èmi mọ ìdí rẹ̀. Fóònù rẹ̀ kan ti já sínú táńkì omi rí. Láti ìgbà náà, bó bá fẹ́ gun orí táńkì, ìsàlẹ̀ ló ń fi fóònù sí.

Mo ṣí gúrúùpù. Ẹkún ti gba ibẹ̀ kan. Ẹnì kan tiẹ̀ tan àbẹ́là fún Mùsùlùmí. Ẹnì kan tí mo mọ̀ pé kò bá a sọ̀rọ̀ láti ìgbà tí a ti jáde ilé ìwé kọ ọ́ síbẹ̀ pé àná ni àwọn jọ rẹ́rìn-ín. Mo kọ ọ́ pé, "Kò kú." Ẹni tó tẹ̀ lé mi dá mi lóhùn pé bẹ́ẹ̀ ni, ènìyàn rere kì í kú, ó kàn sùn ni.

Mo ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù. Ọ̀rẹ́ mi ti gbé àwòrán táńkì tó fẹ́ ṣe síta ní ìdájí, VGC, ẹ́sítéètì olówó nì, ló kọ sí i lábẹ́, nítorí náà mo mọ ibi tó wà. Mo wọ kẹ̀kẹ́ dé ẹnu géètì. Ẹ̀ṣọ́ tó wà níbẹ̀ kò jẹ́ kí n wọlé.

"Ta lẹ fẹ́ rí, Bàbá?"

"Púlọ́ńbà tó ń tún táńkì ṣe."

"Ṣé ó mọ̀ pé ẹ ń bọ̀?"

"Wọ́n ní ó ti kú. Mo fẹ́ lọ sọ fún un."

Ó wò mí títí. Ó pe ilé tí wọ́n ti ń tún táńkì ṣe, ó bá wọn sọ̀rọ̀, ó sì ṣí géètì fún mi láìwo ojú mi mọ́.

Ọ̀rẹ́ mi wà lókè, ara rẹ̀ rin dé àyà.

"Ọmọléèwé! Kí lo wá ṣe níbí?"

"Sọ̀kalẹ̀."

"Iṣẹ́ ò tíì tán."

"O ti kú."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Gbogbo gúrúùpù."

Ó di àkàbà mú, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. "Ṣé wọ́n sọ̀rọ̀ mi dáadáa?"

"Ó ti pọ̀ jù. N kò dá ọ mọ̀ nínú rẹ̀."

Ó ń rẹ́rìn-ín bọ̀ nílẹ̀. Mo ṣàlàyé ọ̀rọ̀ àwòrán fún un bó ṣe ń bọ̀. Ó ku díẹ̀ kí ẹsẹ̀ rẹ̀ kanlẹ̀ ni ẹ̀rín náà dá.

"Ìyá mi," ló sọ.

Ìyá rẹ̀ ń gbé ní Eleko. Ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Ọmọ mẹ́ta ló bí, ó ti sin méjì, ọ̀rẹ́ mi nìkan ló kù fún un. Kò ní fóònù. Ṣùgbọ́n gbogbo ilé tó yí i ká ló ní, èmi náà sì ti ṣe àga fún òtẹ́ẹ̀lì kékeré kan ní etíkun ibẹ̀, tí ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ àdúgbò fi ní nọ́ńbà mi. Bí àwòrán náà bá ti dé ọ̀dọ̀ wọn, ẹnu kan ṣoṣo ló kù kó bọ́ sí etí rẹ̀. Ohun tí ikú méjì kò ṣe fún obìnrin náà, irọ́ kan lè ṣe é.

Ìyàwó rẹ̀ ni ọ̀rẹ́ mi kọ́kọ́ pè. Abẹ́òkúta ló wà, ó lọ wẹ ọmọ tí ọmọ wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ bí. Ó gbọ́ ohùn ọkọ rẹ̀, ó bú sẹ́kún, lẹ́yìn náà ó ní kó gbé fóònù fún mi. Ohun tó sọ fún mi, n kò ní kọ ọ́ síbí.

Lẹ́yìn náà ọ̀rẹ́ mi pe obìnrin tó ń yan ẹja lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìyá rẹ̀, ẹni tó máa ń bá a jíṣẹ́ fún ìyá.

"Ẹ pẹ̀lẹ́ o, èmi ni."

A gbọ́ igbe. A gbọ́ "Àkúdàáyà!" Ìpè náà já. Ó tún un pè, obìnrin náà ti pa fóònù.

Lọ́jọ́ mìíràn, ọ̀rọ̀ yìí ì bá pa wá lẹ́rìn-ín. A mọ ohun tó túmọ̀ sí: ó ti dé Eleko.

A wọ bọ́ọ̀sì. N kò mọ ohun tí ènìyàn ń sọ fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní irú àkókò bẹ́ẹ̀, nítorí náà n kò sọ ọ́. Mo jókòó tì í kí èjìká wa lè kanra. Nígbà tí a kọjá ibi tí ọjà Ajah parí sí, ó béèrè lọ́wọ́ mi pé kí ló dé tí mo gbé e síta. Mo ní inú mi ló dùn sí i. Ó mi orí. Kò tún béèrè mọ́ títí a fi bọ́ sílẹ̀ ní oríta Eleko.

Nígbà tí ìyàwó mi kú, àgbà méjì la rán sí ìyá rẹ̀ nílé. Wọ́n kọ́kọ́ ní kó bu omi fún àwọn mu. Wọ́n béèrè oko, wọ́n béèrè ara rẹ̀. Ìgbà tó jókòó dáadáa tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin sì ti dé sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni wọ́n tó la ẹnu. Bí a ṣe ń túfọ̀ nìyẹn. Mo ń ro ìyẹn lórí ọ̀kadà tó gbé wa láti oríta lọ sí etíkun, mo sì ń ro obìnrin tó ń yan ẹja àti igbe rẹ̀.

A ti rí èrò kí a tó dé ilé náà. Wọ́n jókòó sórí bẹ́ǹṣì níwájú ìta, àwọn kan jókòó sí etí ọkọ̀ ojú omi tí wọ́n dojú rẹ̀ délẹ̀. Ìyá wà láàárín wọn lórí àga onígi, ó sún síwájú gan-an bí ẹni tó fẹ́ dìde. Ẹnì kan ń sọ̀rọ̀ nípa òjò. Ọ̀rọ̀ náà dá sí i lẹ́nu.

Obìnrin ẹlẹ́ja ló kọ́kọ́ sá. Ó gba ẹ̀yìn ilé lọ, méjì tẹ̀ lé e. Bàbá arúgbó kan kò mira.

"Dúró níbẹ̀," ó sọ fún ọ̀rẹ́ mi. "Bí o bá jẹ́ ènìyàn, pe orúkọ bàbá rẹ."

Ó pè é.

"Pe ti bàbá bàbá rẹ."

Ó tún pè é.

"Ó dáa. Máa bọ̀. O fẹ́rẹ̀ẹ́ pa wá láyà."

Ọ̀rẹ́ mi dọ̀bálẹ̀ níwájú ìyá rẹ̀. Ìyá kò dìde, kò kígbe. Ó ní, "Ṣé ìwọ nìyẹn?"

"Èmi ni, Ìyá."

"Gbé orí rẹ wá."

Ó fi àtẹ́lẹwọ́ pa á lórí, ó pa á létí, ó pa á lọ́rùn, bí ìgbà tí wọ́n ń wẹ ọmọ. Lẹ́yìn náà ló sọ̀rọ̀.

"Láti àárọ̀ ni wọ́n ti ń dé lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí kì í kí mi wá kí mi. Wọ́n ń bá mi sọ̀rọ̀ òjò. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n rẹ lọ, báyìí ni wọ́n ṣe jókòó. Nígbà tí àbúrò rẹ lọ, báyìí náà ni."

"Ẹ ò bi wọ́n, Ìyá?"

"Ẹni tí mo bá bi, á dá mi lóhùn."

Kò sí ẹni tó lè gbójú sókè. Bàbá arúgbó náà ló ṣàlàyé fún wa lẹ́yìn náà. Gbogbo wọn ló ti rí i lórí fóònù, ṣùgbọ́n irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ohun tí ẹnu kẹ́nu lè sọ. Wọ́n ń dúró de olórí ẹbí tó ń bọ̀ láti Ẹ̀pẹ́. Òun ló yẹ kó sọ ọ́. Títí tí yóò fi dé, iṣẹ́ wọn ni kí wọ́n yí i ká, kí ó má bàa dá gbọ́ ọ. Ojú ẹsẹ̀ ni fóònù gbé ìròyìn náà láti Ajah dé Eleko. Láti orí bẹ́ǹṣì dé ìdí àga ìyá náà, kò rí ẹni bá a gbé e.

N kò bá fóònù jà nítorí èyí. Mo ṣì ń lò ó. Ṣùgbọ́n mo rí ohun tó lè gbé àti ibi tó ti ní láti dúró, n kò sì nílò kí ẹnikẹ́ni tún ṣàlàyé rẹ̀ fún mi mọ́.

"Ta ló gbé irọ́ náà jáde?" ìyá béèrè.

Gbogbo ojú yí sọ́dọ̀ mi. Mo dọ̀bálẹ̀.

"Èmi ni, Mà. Kì í ṣe irọ́. Àwòrán rẹ̀ ni mo rí, inú mi dùn."

"Jẹ́ kí n rí i."

Ó gba fóònù, ó sún un jìnnà sí ojú, ó sún un mọ́ ojú. "Ta ló so ó lọ́rùn báyìí? Ó mà dà bí ẹni tó gbé ògùn kíkorò mì." Ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìn ilé níbi tí obìnrin ẹlẹ́ja sá sí, ó sì yí gbogbo wa ká. Ọ̀rẹ́ mi náà rẹ́rìn-ín. Ó fi ọwọ́ nu ojú rẹ̀ lẹ́yìn náà.

Ìyá kò tíì dá fóònù padà fún mi. "Ìwọ ni ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí kì í sọ̀rọ̀."

"Èmi ni, Mà."

"Ìyàwó rẹ ló máa ń sọ tìrẹ mọ́ tirẹ̀. Ó wá síbí rí, ó jẹ ẹja lọ́wọ́ mi. Mo gbọ́ pé ó lọ. N kò rí ọ láti kí ọ." Ó gbá ọwọ́ mi mú. "Kú ìrọ́jú, ọmọ mi."

Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn ló kọ ọ̀rọ̀ yẹn ránṣẹ́ sí mi nígbà náà. Mo ti kà á títí. Lọ́jọ́ yẹn, mo gbọ́ ọ. Mo kúnlẹ̀ síbẹ̀, ó sì di ọwọ́ mi mú, kò tètè jù ú sílẹ̀.

Alága àti àwọn méjì yòókù dé ní ìrọ̀lẹ́ nínú aṣọ ọ̀fọ̀. Wọ́n ní níwọ̀n ìgbà tí àwọn ti jáde fún òkú, àwọn ò ní padà láìfojú kan òkú náà. "Ọmọ burúkú," Alága sọ fún un, "o ò tiẹ̀ lè kú dáadáa." A jẹ ẹja. A sọ̀rọ̀ kíláàsì alẹ́, bẹ́ǹṣì kéékèèké, olùkọ́ tó máa ń sùn kí àwa tó sùn. Mo sọ ju gbólóhùn mẹ́ta lọ. Níbi tí mo jókòó sí ni mo ti rí ìdí tí ìyá fi ń jókòó sí etí àga rẹ̀: àárín rẹ̀ ti jìn kanlẹ̀, ìṣó sì ti yọ orí níbẹ̀. Etí náà ló jókòó sí látàárọ̀ títí ọmọ rẹ̀ fi dé.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, kí wọ́n tó lu aago ṣọ́ọ̀ṣì, mo gbé fóòmù àti aṣọ aláwọ̀ ilẹ̀ kan, mo wọ bọ́ọ̀sì padà sí Eleko. Ìyá nìkan ló wà níta. Ó rí mi, ó di ọwọ́ àga mú. Ó wo ẹ̀yìn mi lọ sí ojú ọ̀nà, ó wò ó títí, bóyá àgbà kan ń tẹ̀ lé mi bọ̀ wá túfọ̀.

"Ìwọ nìkan lo wá?"

"Èmi nìkan, Mà. Àga yín ni mo wá ṣe."

Ó tún wo ojú ọ̀nà lẹ́ẹ̀kan. Lẹ́yìn náà ló dìde, ó lọ jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó na ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì. Mo dojú àga náà délẹ̀, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ìṣó àtijọ́ kúrò.